Má Bá Bàbá De Bọ́tìnnì Mọ́

Nestor,

Mo ti lọ sí Honolulu, níbi ìdánwò àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ aláìsàn láti tún máa dá nǹkan ṣe. Mi ò dágbére fún ẹ torí inú ń bí mi. Ká ní mo lanu ni, gbogbo Waipahu ni ì bá gbọ́.

Wo ohun tó o ṣe láàárọ̀ yìí. Mo ń ka ìbéèrè kan lórí tábìlì: ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lọ́wọ́ ń pẹ́ kó tó de bọ́tìnnì ẹ̀, kí ni kí nọ́ọ̀sì ṣe? Kó fi í sílẹ̀, kó ní sùúrù. Mo gbójú sókè báyìí, ìwọ lo ń bá Bàbá, tí àrùn yìí kan náà mú lọ́wọ́ ọ̀tún, de bọ́tìnnì! O tún gba ṣíbí lọ́wọ́ wọn, o ń fi ìrẹsì sí wọn lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. O ní ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ wo?

Nígbà tó o wọlé lọ wẹ̀, mo bi Bàbá pé kí ló dé tí wọ́n gbà fún ẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n lé e ni, Felisa? Kó máa sunkún?" Ni wọ́n bá tú bọ́tìnnì náà, wọ́n tún un dè fúnra wọn, torí inú ihò tí kì í ṣe tiẹ̀ lo fi í sí.

Oúnjẹ ọ̀sán wà nínú ìkòkò. Gbé ṣíbí síwájú wọn, kó o lọ jókòó.

Tó o bá sì fẹ́ gba ìbùkún lálẹ́, kí ọwọ́ Bàbá kan iwájú orí ẹ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, má fa ọwọ́ ọ̀tún yẹn wá bó o ṣe máa ń ṣe. Tẹrí ba, kó o dúró títí wọ́n á fi gbé e wá fúnra wọn.

Ẹ̀gbọ́n ẹ.