Mú Ọwọ́ Kúrò Lẹ́nu

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Fọ́tò kíláàsì Wèrèpè dé. Ọmọ mẹ́rìnlélógún, gbogbo wọn ló ṣí eyín sílẹ̀ — àfi ọmọ tèmi. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi bo ẹnu. Tíṣà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni ayàwòrán sọ pé kó mú ọwọ́ kúrò, kò gbọ́.

Mo bi í léèrè. Wèrèpè ni mo sọ ọ́ torí kì í jẹ́ kí ara rọ èèyàn, ọmọ ọdún méje péré. Ó wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀. Ó ní ṣebí bí èmi náà ṣe ń rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ara mi bù máṣọ. Eyín ọmọ yẹn funfun báláú o! Kí ló ń bò?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Omi kànga tí mo mu dàgbà ló ba eyín iwájú mi jẹ́. Pupa rẹ́súrẹ́sú, bí irin tó dípẹtà. Eléyín Irin ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé. "Funfun niyì eyín" — tí wọ́n bá ti sọ ọ́ létí mi, ibòmíràn ni mo máa ń wò.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń ka ìròyìn lórí rédíò. Gbogbo èèyàn mọ ohùn mi, ta ló mọ ojú mi? Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Àfi bí Ọ̀gá Gọ̀gọ̀ngọ̀ ṣe ní kí n bọ́ sórí tẹlifíṣàn láti ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí. (Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́. Gọ̀gọ̀ngọ̀ rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò tó bá ń sọ̀rọ̀.) Lẹ́tà pé n kò ṣe ti wà nínú báàgì mi láti ọjọ́ Ẹtì.

Mo fà á ya lónìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ. Dókítà eyín — obìnrin kúkurú, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní kí n yanu. Mo yanu, omijé bọ́. Kò ṣe bí ẹni tó rí nǹkan.

Ó ní kò sí fífọ̀ tó lè mú un kúrò, àbàwọ́n náà ti wọnú eyín lọ. Wọ́n á ha ojú eyín mẹ́fà tòkè díẹ̀, wọ́n á wá lẹ tánganran tó tinrin bí èékánná mọ́ ọn. Tánganran! Bí àwo! Ó ní tí wọ́n bá ti ha á, kò sí àtúnpadà o, kí n lọ rò ó. Rò ó kẹ̀? Láti kíláàsì kejì ni mo ti ń rò ó.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo sọ fún Bàbá Wèrèpè. Ó ní ṣé eyín ń dùn mí ni. Mo ní rárá. Ó ní kí n ṣe bó ṣe wù mí, ó sì padà sídìí ọkọ̀ tó ń fọ̀. Ọkùnrin!

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n kọ́kọ́ gbé ìwé àwòrán fún mi kí n yan irú eyín tí mo fẹ́. Mo nàka sí ọ̀kan tó tò gbọnrangandan, tí kò ní àlàfo kankan. Dókítà bi mí lẹ́ẹ̀mejì: eejì àárín eyín mi yìí ńkọ́? Mo ní kó dí i pa. Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ lákọ̀tun.

Abẹ́rẹ́. Ètè mi kú, n kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ yẹn! Ó ní èyí tóun lẹ̀ báyìí, onírọ́bà ni, ti àdánwò. Kí n fi sọ̀rọ̀, kí n fi jẹun, kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì kóun tó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń sun tánganran. Mo ní kò pọn dandan. Ó ní ó pọn dandan.

Dígí. Ha! Ṣé èmi rèé?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo gbé! Ìròyìn aago méje. Gbogbo "òṣìṣẹ́" tí mo pè ló ń súfèé. Ẹnìkan tẹ̀ wá láago pé ta lẹ gbé sídìí máìkì, níbo lẹ gbé obìnrin wa sí.

Ọ̀gá Gọ̀gọ̀ngọ̀ pè mí. Ó ní òun ò mọ ohun tí mo fẹnu mi ṣe, ṣùgbọ́n ohùn yẹn lòun fẹ́ gbé sórí tẹlifíṣàn; tí kò bá tíì padà lópin oṣù, òun á wá ẹlòmíràn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi rèé.

Ọjọ́rú

Mo ka ìwé ìròyìn sókè ní balùwẹ̀ fún odindi wákàtí kan. Ó ṣì ń súfèé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Bàbá Wèrèpè wò mí títí nídìí tábìlì. Ó ní eyín yìí dára o, kò sírọ́ ńbẹ̀. Ó tún wò mí. Ó ní ṣùgbọ́n eejì òun dà?

Eejì tìẹ kẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Pé lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ pàdé, kí n tó sáré fọwọ́ bo ẹnu, eejì yẹn lòun rí, òun ni kò jẹ́ kóun lè relé. Ọdún mọ́kànlá tá a ti ṣègbéyàwó, kò sọ ọ́ rí! Mo bú u dáadáa, ẹ̀rín sì ń pa mí — àfi bí mo ṣe rí i pé ọwọ́ mi ti dé ẹnu. Lórí eyín tuntun. Mo wo Wèrèpè. Ọwọ́ tiẹ̀ náà ti dé ẹnu.

Eyín nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ní kí dókítà bá mi dá eejì mi padà. Kò yà á lẹ́nu rárá; ó ní dídí tá a dí i pa ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi máa súfèé. Ó gé díẹ̀ lára onírọ́bà yẹn, ó gbé ìwé ìròyìn lé mi lọ́wọ́: "Ẹ kà á sí mi létí, mà." Mo kà, ó tẹ́tí, ó tún gé díẹ̀, mo tún kà. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún — ohùn mi jáde! Ohùn mi gan-an! Nọ́ọ̀sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà: háà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń ka ìròyìn aago méje ni? Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá dókítà mọ́ra. Ó ní bó ṣe wà yìí gẹ́lẹ́ lòun á fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òfin tuntun nílé: ẹni tó bá fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, òun ni yóò fọ abọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Èmi ni mò ń fọ abọ́ láti ọjọ́ Ajé. Wèrèpè ń ṣọ́ mi bí ọlọ́pàá. Bàbá rẹ̀ nà sórí àga, ó ń yínmú sí wa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Tánganran dé! Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Dókítà lẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tan iná aláwọ̀ aró sí wọn kí wọ́n le. Wọn ò funfun bíi ti inú ìwé àwòrán yẹn. Wọ́n funfun bí eyín ṣe ń funfun. Eejì mi jókòó sáàárín bí onílé. Mo ka "òṣìṣẹ́" fún awakọ̀ tó gbé mi lọ sílé, kò mọ ohun tí mò ń sọ, ó ní àmín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Wàhálà. Eyín iwájú Wèrèpè méjèèjì ti já, ọ̀kan lánàá, ọ̀kan láàárọ̀ yìí. Ọwọ́ ti padà sẹ́nu. Ó ní òun ò lọ sílé ìwé mọ́. Mo ní wọ́n á tún hù. Ó ní títí wọ́n á fi hù ńkọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo ti ṣe é! Mo ti ṣe é o!

Mo ka ìròyìn já geerege, n kò kọsẹ̀ níbì kan. Ó wá ku èyí tó gbẹ̀yìn: ewúrẹ́ kan wọ ilé ẹjọ́, ó jẹ ìwé ẹjọ́ olówó rẹ̀ tán. Ẹ̀rín gbé mi. Ọwọ́ mi gbéra — mo mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń bọ̀ — ó dé àyà. Mo rántí ẹni tó jókòó níwájú tẹlifíṣàn nílé, tọwọ́ tiẹ̀ bo ẹnu. Mo gbé ọwọ́ sórí tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín àríntàkìtì lójú gbogbo ayé. Ọ̀gá Gọ̀gọ̀ngọ̀ ń nu ojú lẹ́yìn dígí. Fóònù ò sinmi: ṣé ẹ̀rín tó wà lẹ́yìn ohùn yẹn rèé látọjọ́ yìí?

Mo délé. Wèrèpè ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò ní fọ abọ́ lónìí."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin

Fọ́tò tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá ayàwòrán nílé ìwé pé kó tún òun yà. Ọwọ́ méjèèjì ní ìbàdí, ẹnu ṣí sílẹ̀ gbàragada, kò séyín kankan níwájú. Ó gbé e dání ká gbogbo yàrá. Ó ní kí n wò ó dáadáa, eejì tòun ló tóbi jù nílé wa.