Etí Mi Kì Í Ṣe Eré

Ẹ̀gbọ́n mi Mọ́nsúrù,

Gbogbo ará ilé ní Ìkirè ń kí yín. Sàlámọ̀tù ti bí ọkùnrin, àmọ́ n kì í gbọ́ igbe ọmọ náà.

Tíṣà mi mú mi lọ sí ilé ìwòsàn n'Íbàdàn, wọ́n fi ẹ̀rọ bò mí létí, wọ́n ní kí n máa nawọ́ tí n bá ti gbọ́ ìró. Mo gbọ́ èyí tó ki bí ohùn ọkùnrin. Èyí tó tín-ín-rín, n ò gbọ́ nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì ní tí n ò bá tètè gba ìtọ́jú, ìyókù á lọ.

Bàbá ní, "O ti sín lèmọ́mù jẹ, o sín èmi gan-an jẹ, ó wá kan adití." Wọn ò jẹ́ kí n padà lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbà gbọ́. N kì í gbọ́ Ìyá mọ́. Ohùn Bàbá ló kù, kódà bí wọ́n ṣe ń bú mi, n ò fẹ́ kó lọ.

Ọlọ́hun á ṣọ́ yín ní Kánò.

Àbúrò yín,
Rùfáì