Ohun Tí Onítáìsì Sọ Nípa Eyín Barakah

Láti ọwọ́ èmi, Alhaji Gàní ọmọ Salahudeen, Baba Àdínì gbogbo àdúgbò Ṣàngó àti agbègbè rẹ̀, ẹni tí àwọn ọlọ́lá ń dúró kí kí wọ́n tó jókòó, sí ọmọ mi Barakah tó wà ní Àbújá. Sàláámù àléékùn. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé omi ń yọ nílé tí o ń gbé? Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí o sọnù sí ìlú onílùú. Ẹni tó bá ní kí ẹsẹ̀ rẹ má délé mọ́, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà kò ní dé ibi tó ń lọ. Àmín. Ara gbogbo wa le níbí. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan kú, èyí tó kù ń jẹ aṣọ. Naimat àbúrò rẹ wà dáadáa, ọmọ náà gbọ́n púpọ̀, iṣẹ́ ilé tó ń ṣe sì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ eyín. Naimat ka ohun tí o kọ sórí fóònù fún mi lẹ́ẹ̀mejì, pé lọ́jọ́ Àtàláátà tó ń bọ̀, dókítà eyín yóò lẹ tánganran pẹlẹbẹ mọ́ eyín mẹ́jọ lókè ẹnu rẹ, kí ẹ̀rín rẹ lè funfun, kí èjí rẹ sì dí, nítorí pé ní ọ́fíìsì yín, èjí kò bóde mu mọ́. N kò bínú. Ẹni tó ń bínú kì í gbọ́ àlàyé. Mo kàn ní kí n wádìí ohun tí wọ́n fẹ́ kó sí ọmọ mi lẹ́nu.

Ẹni tó mọ tánganran jù nínú àwọn tí mo mọ̀ ni Túndé tó ń lẹ táìsì, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Táíwò Road. Mo pè é, ó kí mi dáadáa, ó béèrè pé irú ògiri wo ni. Mo ní eyín ni. Ó ní kò burú, iṣẹ́ kan náà ni. Ó ní ohun tí àwọn oníbàárà kì í mọ̀ ni pé táìsì kì í di ògiri tó ń dán mú, àfi kí èèyàn kọ́kọ́ fi òòlù ṣá ara ògiri náà kó di gbágungbàgun kí símẹ́ńtì tó lè rí nǹkan gbá mú. Nítorí náà, ó ní, kí tánganran yẹn tó lè jókòó, wọ́n á kọ́kọ́ ha eyín ọmọ yín ná, ògiri tí a bá sì ti ṣá, kò sí pé a yí èrò padà pé ọ̀dà ni a fẹ́, táìsì ni títí ayé, èyí tó bá ré, a ó lẹ òmíràn. Ó wá béèrè pé ṣé ògiri náà ń sán ni, mo ní rárá. Ṣé omi ń jò sí i, mo ní rárá. Ṣé kòkòrò ti wọ̀ ọ́, mo ní ojoojúmọ́ ló ń fọ̀ ọ́. Ó ní kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ ṣá ògiri tó dára. Ó ní bí a bá ṣì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, táìsì díẹ̀ ṣẹ́kù lọ́wọ́ òun láti ilé ìwẹ̀ ẹnì kan, òdòdó wà lára rẹ̀, òun á ṣe ẹ̀dínwó.

Ìyá rẹ ní tirẹ̀ ní abọ́ tánganran méje tí wọ́n fi sin ín wá ilé ọkọ, o mọ̀ wọ́n, orí pẹpẹ gíga ni wọ́n wà. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n nìyí, kò tíì fi èyíkéyìí jẹun rí, kó má baà fọ́. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá bí eyín yẹn náà ṣe máa rí nìyẹn, pé o ó máa fi han àlejò, o ó sì wá ẹnu mìíràn jẹ ẹran. Mo ní o ti sọ fún wa pé dókítà ní kí o má fi fọ́ eegun mọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó wọlé.

Mo tún bi Àáfà Zakari nípa àlùwàlá, nítorí inú ẹnu ni omi gbọ́dọ̀ kàn, bí omi bá wá kan tánganran, ta ló ṣe àlùwàlá, ṣé ìwọ ni àbí abọ́? Àáfà ní kí n fún òun láyè kí òun wo kítáàbù. Ọjọ́ kẹrin nìyí, tó bá ti rí mi lọ́nà mọ́ṣáláṣí, ọ̀nà ibòmíràn ló ń yà sí.

Èyí tó wá kó mi láyà sókè ni pé díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù ni o ó máa san owó rẹ̀. Àhmádù ará ilé kejì gba kẹ̀kẹ́ Márúwá bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò rí ti oṣù kẹta san, wọ́n wá gbé e tèrò-tèrò, ìyá kan ṣì jókòó nínú rẹ̀ tòun ti tòmátì. Bí ìwọ kò bá rí ti oṣù kẹta san ńkọ́, èwo ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ? Bó bá jẹ́ pé ìdí oúnjẹ ni wọ́n bá ọ ńkọ́? Fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ pé kí n kọ nọ́ńbà mi sí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n á pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òun náà ti dé. Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Eyín kì í ṣe kànga. Mo ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà Àhmádù sí i, fóònù tirẹ̀ kì í kú.

Nítorí náà, kí Àtàláátà tó pé, wálé ná. Èjí yẹn, ti ìyá mi ni, èmi náà ní in kí eyín iwájú mi tó lọ, ìwọ nìkan ló kù tó ní in. Eyín Naimat tò pọ̀ bí àgbàdo. Bí o bá ń bọ̀, mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dání fún oúnjẹ ilé, kí o sì fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí àkáǹtì Naimat lọ́tọ̀. N kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, n kò sì fẹ́ mọ̀. Ọlọ́hun á bù sí i fún ọ, ẹnu rẹ kò ní wá ohun tó máa jẹ tì, ẹ̀rín rẹ kò ní di ẹkún. Àmín.

Àǹtí mi, ó tó báyìí. Ẹ ti mọ̀ tipẹ́ pé èmi àbúrò yín ló ń kọ èyí. Bàbá kò tíì lọ Mẹ́kà, wọn kì í sì í ṣe Baba Àdínì ibì kankan, fìlà ni wọ́n ń rán l'Ọ́jà-Ọba. Àwọn ló máa ń sọ, èmi á kọ, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ìkankan nínú èyí. Èmi ni mo fi ohùn wọn pe Túndé, ó sì ń kí mi pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Ohun tó sọ nípa ògiri, òótọ́ ló sọ ọ́. Ti ẹgbẹ̀rún márùn-ún náà, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni.

Mi ò ka ìwé dé ibi tí ẹ kà á dé, mi ò lè ní kí ẹ má ṣe é, ẹnu yín ni. Ẹ sáà kọ́kọ́ wálé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo fi fọ́tò tí dókítà fi kọ̀ǹpútà ṣe han Bàbá, èyí tí ẹ ní bí ẹ ó ṣe rí nìyẹn bí wọ́n bá ṣe é tán. Wọ́n wọ dígí ojú wọn, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní ọmọ ta ni. Mo ní Barakah ni. Wọ́n ní Barakah wo. Mo rò pé wọ́n ń ṣeré, torí ilé yìí, èmi nìkan kọ́ ni mo ń ṣeré níbẹ̀. Wọn ò ṣeré. Mo wá ní ẹnì kan tí mo mọ̀ l'Ábújá ni. Wọ́n ní ọmọ tó lẹ́wà ni, wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n ní kí n bá àwọn kí i.

Bàbá ní kí n kí yín.

Èmi Naimat ni.