Àwòrán Tí O Ní O Fẹ́ Gbé Kọ́ Sí Pálọ̀

Láńrewájú àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé òtútù ọ̀hún ò pọ̀ jù? Àlàáfíà la wà ní Àgbádárìgì. A ti pààrọ̀ páànù ibi tí Màámi ti ń yan ẹja, àmọ́ orúnkún ṣì ń dà wọ́n láàmú, wọ́n ń tiro.

Orúnkún yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Mercy ọmọ mi fi búlọ́ọ̀gì rẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì hàn mí. Àwòrán Màámi tí o ní o fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀ ló wà níbẹ̀, o sì kọ ọ́ pé àgbo inú ike kan ló wò wọ́n sàn. Màámi ò fẹnu kan àgbo yẹn rí. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń kà á kì í sanwó, pé àwọn tó ń polówó ọjà lọ́dọ̀ rẹ ló ń bọ́ yín. Ìyẹn ò bí mi nínú. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin etí ọ̀sà ti ra àgbo náà nítorí Màámi. Wọ́n ń bi Màámi pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin ò lo tiyín ni?"

O ṣáà mọ̀ pé Màámi kì í ta apẹ̀rẹ̀ ẹja kan láì kọ́kọ́ mú ọ̀kan jẹ níbẹ̀ lójú oníbàárà.

Jọ̀ọ́, yọ ọ́ kúrò, kí o sì kọ òótọ́ síbẹ̀. Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà tó mọ́ fún ọ. Màámi ní kí o má fi owó ránṣẹ́ lóṣù yìí. Wọ́n ní àwọn ò lè jẹ owó àgbo yẹn lójú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sẹ̀gilọlá