Sí Zolile Tí Ìjọba Ń San Owó Àìníṣẹ́ Fún

Abúlé Mthwaku,
Lẹ́bàá Lusikisiki.

Ọmọ mi Zolile,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé otútù etí òkun Gqeberha yẹn kò mú ọ jù? Àwa níhìn-ín ṣì wà láàyè, bàbá rẹ wà láàyè, màlúù méjì tó ṣẹ́kù ń jẹko, àyà tó ń dùn mí náà ti rọlẹ̀ díẹ̀. Bí orúnkún wa bá ti kanlẹ̀ fún àdúrà, ìwọ la kọ́kọ́ ń dárúkọ ká tó tọrọ òjò. Nobesuthu àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń kọ ọ́, mi ò sì mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

A gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. O ní ilé iṣẹ́ táyà ti kógbá sílé, wọ́n ti ní kí gbogbo yín máa lọ, àmọ́ ká má dààmú, ìjọba á máa san owó àìníṣẹ́ fún ọ, wọ́n á sì kọ́ ọ níṣẹ́ mìíràn. Mo sunkún ayọ̀. Ọdún mẹ́rìnlá lo fi ń yọ táyà gbígbóná fún wọn, tí awọ ọwọ́ rẹ ń bó bí èèpo ọ̀dùnkún, àṣé ìjọba ń wò ọ́ láti òkèèrè, ó wá ní kí o jókòó sinmi kí òun máa fún ọ lówó. Bàbá rẹ gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà màlúù, ibẹ̀ ló sì wà tí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo rò ó pé oore bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó mọ sọ́dọ̀ ẹnì kan. Mo mú Nobesuthu, a wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Lusikisiki, mo ní kí wọ́n fún òun náà ní owó àìníṣẹ́, torí láti ọjọ́ tí mo ti bí i kò níṣẹ́ rí, kò sì sẹ́ni tó lè bá a du ipò náà. Akọ̀wé ibẹ̀ wò mí títí, ó ní Màmá, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan là ń fún, inú owó tí wọ́n ti ń yọ pamọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ ló sì ti ń wá. Pé owó rẹ náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ́ lóore, ìyẹn kò yé mi, bóyá ó ti rẹ akọ̀wé náà. Mo bi í pé kí wá ni ká ṣe, ó ní kí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ lọ wáṣẹ́. Nítorí náà, jọ̀ọ́, bá wa wo ilé iṣẹ́ kan tó máa tó kógbá sílé, kí o bá a wáyè síbẹ̀ kó tó pẹ́ jù.

Fọ́tò ìwé ẹ̀rí rẹ dé. Nobesuthu kà á pé adìyẹ sísìn ni wọ́n kọ́ ọ. Mo ní kó tún un kà. Àárín adìyẹ lo ti kúrò níhìn-ín lọ kọ́ táyà, ilé táyà tì, wọ́n wá kó yín sí yàrá kan, wọ́n ń fi àwòrán adìyẹ hàn yín lára ògiri. O ní wọn ò fún yín ní adìyẹ kankan, wọn ò sì fún yín lówó tí ẹ ó fi ra ọ̀kan. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́, ẹ̀rín tí kò dùn ún gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń yí po láti ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn àna wa wá. Bàbá Gwebityala, àbúrò bàbá Thembakazi ìyàwó rẹ, ló kó wọn sòdí, torí àwọn màlúù ìdána tí a ò tíì san tán. Ó fi pẹ̀lẹ́ béèrè iṣẹ́ tí Zolile ń ṣe báyìí. Bàbá rẹ ń wá ohun tó máa sọ, mo rí i pé ó fẹ́ dójú tì wá, ni mo bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, mo fi ọwọ́ sọ̀yà, mo ní àìníṣẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, ìjọba ló ń sanwó rẹ̀, ó sì ti ń kọ́ adìyẹ kún un. Ọkùnrin náà rọra gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní MaMpinga, a ti gbọ́. Ó ní ọkùnrin tí ìjọba ń bọ́, ta ni yóò máa bá a bọ́ ìyàwó? Oòrùn ò tíì yẹ̀ tí wọ́n fi di ẹrù Thembakazi. Kò sunkún. Ó gbálẹ̀ yàrá yín kó tó jáde, Lunje ọmọ yín sì fúnra rẹ̀ gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí, ó ń bi mí pé ìgbà wo ni àwọn ń padà bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni bàbá rẹ ò ti bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo sọ tí kò dáa. Òtítọ́ ni mo sọ.

O ní oṣù tó ń bọ̀ ni owó ìjọba máa dópin. Kó tó dópin, jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ fún páànù tí ìjì ṣí lórí ilé ìdáná, kí o sì fi owó ọkọ̀ bàbá rẹ kún un, torí ó sọ fún Nobesuthu pé òun fẹ́ lọ bẹ àwọn àna wa. Ó ní òun nìkan ló máa lọ. Ó ní kí n má tẹ̀ lé òun.

Ọlọ́run àti àwọn baba ńlá ìdílé Bhele á dúró tì ọ́. Iṣẹ́ tó bá máa wá ọ kàn, kó má mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà padà.

Èmi ni ìyá rẹ,
MaMpinga.