Kọ́ńpútà Tó Wà Níhà Ọkùnrin

Ọjọ́ Ajé, 2 Òkúdù
Arúgbó tún kú lónìí. Kọ́ńpútà Bàbá ọkọ mi ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ — orúkọ Bàbá fúnra ẹ̀, ìyàwó kì í pè é, mi ò ní kọ ọ́ síbí náà. Zoleka àbúrò ọkọ mi ló ń fi tẹ orúkọ àwọn ará ẹgbẹ́ ìsìnkú àti ti òkú wọn. Ó pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, ó dákẹ́. Èmi dúró níhà obìnrin, mò ń wòran. Ìhà ọkùnrin ló wà nínú ilé ńlá, ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun ò gbọdọ̀ débẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3
Ohun tí Tèmi (Lwandile ọkọ mi) sọ kí wọ́n tó da màlúù owó orí mi lọ sílé bàbá mi: "Kọ́ńpútà ń bẹ nílé wa. Wàá parí ìwé ẹ." Ìwé méje ni mo kà. Fíláàṣì tí ẹ̀kọ́ ilé-ìwé àgbà wà nínú ẹ̀ ṣì wà nínú àpótí mi. Kò sọ ibi tí kọ́ńpútà ọ̀hún wà nínú ilé.

Ọjọ́bọ̀, 5
Tèmi ti dé fún ìsinmi láti ibi ìwakùsà ní Rustenburg. Ó ní ká ju Arúgbó nù, òun á ra kọ́ńpútà alágbèéká. "Màá máa gbé e lọ síbi iṣẹ́, màá máa fi wo bọ́ọ̀lù."
Zoleka ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí orúkọ àwọn òkú máa bá yín wo bọ́ọ̀lù?"
Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹnu lásán ni mo rín. Tí wọ́n bá ra tuntun, Rustenburg ló ń lọ. Tí wọ́n bá tún Arúgbó ṣe, ibi tí mi ò lè dé ló ń padà sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7
Wọ́n gbé e lọ sílùú Lusikisiki. Ọkùnrin tó ń tún un ṣe ní fáànù inú ẹ̀ ti bàjẹ́, èyí tó ń fún un níná náà ti ń kú lọ. Ó ṣeé tún ṣe. Kò lè búra pé á pẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Mo yọ fíláàṣì mi wò, mo tún dá a padà sínú àpótí.

Ọjọ́ Ajé, 9
Mo sọ fún Tèmi létí odò. Kí wọ́n tún Arúgbó ṣe, kí wọ́n gbé e wá sílé ìdáná. Ó wò mí títí. "Ìwọ yìí, tí o kì í sọ̀rọ̀." Ó wá ní, "Sọ ọ́ níwájú Bàbá. Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́."
Mo bínú sí i. Màá sọ ọ́ ṣá.

Ọjọ́rú, 11
Mo sọ ọ́. Ìyàwó kì í bá Bàbá sọ̀rọ̀ lójúkojú, mo bá wolẹ̀, mo kọjú ọ̀rọ̀ sí Zoleka kí Bàbá lè gbọ́. Ẹ tún un ṣe. Ẹ gbé e sílé ìdáná. Mo fẹ́ parí ìwé mi. Mo sọ ọ́ tán.
Bàbá ní, "Zoleka, sọ fún un pé èéfín máa pa kọ́ńpútà náà."
Mo rò pé ó parí nìyẹn.
"Sọ fún ìyàwó wa pé kọ́ńpútà ò ní lọ síbì kankan. Òun ló máa wá bá a. A ó pa ewúrẹ́ kó lè kọjá síhà ọkùnrin. Ìwọ Lwandile, inú fóònù ni kó o ti lọ máa wo bọ́ọ̀lù ẹ."
Zoleka tún gbogbo ẹ̀ sọ fún mi pátá, bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Mo fi ìborùn bojú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21
Arúgbó ti dé, ariwo ẹ̀ ti lọ. Mo jẹ nínú ẹran ewúrẹ́ náà níwájú àwọn ìyá ilé. Lẹ́yìn náà Bàbá dìde, ó ní òun ń lọ wo màlúù nínú ọgbà, kí ojú má baà tì mí.
Mo kọjá.
Àga ẹ̀ ga, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀. Mo ki fíláàṣì mi bọ Arúgbó, ẹ̀kọ́ kìíní béèrè orúkọ mi. Mo tẹ Nosakhele, èyí tí wọ́n sọ mí nígbà tí mo wọlé ọkọ. Mo wò ó. Mo fi èyí tí ìyá mi sọ mí tẹ̀ lé e, Anathi.
Ó gba méjèèjì.