Ibi Tí Ìwé Kànga Bàbá Dúró Sí

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìrójú. Mo lérò pé ara yín le, pé ìyàwó yín àti àwọn ọmọ wà lálàáfíà. Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Fóònù yín kò wọlé, ni mo ṣe ní kí awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín mú lẹ́tà yìí dání.

Ọ̀fun Bàbá ti burú sí i. Dókítà ní Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ, pé lẹ́yìn rẹ̀ wọn kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú wọn ti lọ tẹ́lẹ̀, wàyí, ohùn fẹ́ tẹ̀ lé e.

Ẹ rántí ìwé tí Bàbá ń fẹnu sọ tí mo ń bá wọn tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, lórí iṣẹ́ kànga gbígbẹ́. Kọ̀ǹpútà mi kú lójijì, ìwé náà bá a lọ. Ohun tó kù kò ju fáìlì tí mo ti ṣe sílẹ̀ fún maṣíìnì ìtẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ wa. Mo kọ́kọ́ ṣí i bí a ṣe ń ṣí ìwé lásán, àmì játijàti ló kún ojú rẹ̀. Ni mo bá rántí ohun tí ẹ kọ́ mi. Mo ṣí ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, mo tẹ orúkọ ètò tó ń ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀, mo fi orúkọ fáìlì tẹ̀ lé e. Ojú ewé kìíní yọ gbàǹgbà! Mo pariwo débi pé ọ̀gá mi rò pé iná ló gbé mi.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Bí mo bá tẹ bọ́tìnì, ojú ewé mìíràn á yọ, títí mo fi dé orí tó sọ bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ògiri kànga fẹ́ ya. Ibẹ̀ ló dúró. Àṣé iná ti lọ nígbà tí mo ń ṣe fáìlì náà, kò sì parí. Orí yẹn gan-an ni Bàbá torí ẹ̀ kọ ìwé, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ṣì ń wọ kànga lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àṣẹ kan wà tó lè fa ìyókù jáde? Mo ti tẹ èyí tí mo mọ̀, mo ti tẹ èyí tí mi ò mọ̀. Omi ti fẹ́ tán lẹ́yìn ẹja.

Lánàá, Bàbá ní kí n ka ìwé náà fún àwọn. Nígbà tí mo dé ibi tó já, ẹnu mi kò gbà á láti sọ fún wọn, mo bá ń hun ọ̀rọ̀ fúnra mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé etí ni mo fi ń tẹ̀wé, kì í ṣe orí. Wọ́n gbọ́ díẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tó bá fi ohun tó o kà yẹn wọ kànga, òkú ẹ̀ la máa fà jáde. Mú bírò." Mo sunkún. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀, ohùn wọn ò ju èémí lọ.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lálọ lábọ̀. A ò ní fi ẹkún pàdé ara wa.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ ń pè ní Ọwọ́-yá.

Àfikún: Awakọ̀ ṣì ń dúró dè mí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Bàbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, dókítà ní kò ṣeé dá dúró di Ọjọ́bọ̀ mọ́. Bàbá kò sọ orí náà tán. Ìró tí ilẹ̀ máa ń dún kó tó ya ni wọ́n sọ dé tí ohùn fi pin. Ohun tí wọ́n sọ kẹ́yìn ni pé: "Ẹ̀gbọ́n rẹ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú mi lọ́jọ́ tí kànga ya lé wa lórí. Ó mọ ìyókù." Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bèèrè àṣẹ kọ̀ǹpútà mọ́. Ẹ máa bọ̀ nílé.